Ojú Ìsopọ̀ Páìpù Gáàsì àti Ọ̀rọ̀ Tí ó Yẹ Ẹ́: Àpẹẹrẹ láti Ilé Ìdáná Garki

Ìfáárà

Nínú èdè Yorùbá òde òní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn gáàsì, ni ó dúró fún ohun tí ń jó, fún silíńdà irin tí a rọ ọ́ sí, àti fún sítóòfù tí a fi ń se oúnjẹ. Ìyá tí ó bá ní gáàsì òun ti tán, ohun tí ń jó ni ó ń sọ. Bí ó bá ní kí ọmọ gbé gáàsì lọ bá onígáàsì, silíńdà ni ó ní lọ́kàn. Bí ó bá sì ní kí ó nu orí gáàsì, sítóòfù ni. Èyí kì í da ọ̀rọ̀ rú láàrin ìdílé, nítorí pé ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ máa ń tú ìtumọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan náà bá sọ fún ọmọ pé kí ó pa gáàsì kí ó tó lọ sùn, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọmọ yóò pa? Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àgbà pẹ̀lú, ni yóò yí bọ́tìnnì iwájú sítóòfù pa, tí iná yóò sì kú lójú wọn. Fáàfù orí silíńdà yóò wà ní ṣíṣí di òwúrọ̀, gáàsì yóò sì kún inú rọ́bà àti páìpù, yóò máa ti gbogbo ibi tí a ti so wọ́n pọ̀ láti inú wá.

Ibi tí a ti so wọ́n pọ̀ yìí gan-an ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Páìpù tí ó dára kì í ṣàdédé là láàrin. Ibi tí páìpù ti pàdé páìpù, tí rọ́bà ti pàdé irin, ni ewu máa ń gbà wọlé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó pọ̀ tó láti ya irú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, àti pé ògbufọ̀ tí kò bá lò wọ́n bí ó ti yẹ lè kọ ìkìlọ̀ tí yóò ṣe ìpalára fún ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e.

Garki àti ìdáná rẹ̀

Garki wà lára àwọn àdúgbò tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ nígbà tí wọ́n ń tẹ Abuja dó. Òfin tí ó dá agbègbè olú-ìlú náà sílẹ̀ jáde ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ sì kó kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí, Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, láti Area 1 títí dé Area 11. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí ó wà níbẹ̀ ni ìjọba kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2005, ìtọ́jú páìpù inú wọn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba, ó di ti onílé àti ti oníṣẹ́ páìpù tí ó bá pè.

Ní London, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ iná gáàsì pè jẹ́ ohun èèlò tí wọ́n ń mọ mọ́ ògiri pálọ̀ láti lé òtútù, tí ó sì ní ọ̀nà èéfín tirẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ orúkọ náà ní oréfèé, iná gáàsì tí ó kọ yóò yé Yorùbá sí ahọ́n iná orí sítóòfù, tàbí sí iná ọmọ ọ̀rara tí ó jó ilé ẹni. Garki kò nílò ohun èèlò náà, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń mú lóru oṣù Kejìlá. Sítóòfù ìdáná ni ti Garki, láti inú silíńdà ni ó sì ti ń gba gáàsì: kílò 3, kílò 6, kílò 12.5, àti kílò 50 fún ilé oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi kẹrosíìnì sílẹ̀ fún un, pàápàá láti ìgbà tí iléeṣẹ́ NLNG ní Bonny ti bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè gáàsì ìdáná fún ọjà ilẹ̀ wa ní ọdún 2007.

Gáàsì inú silíńdà, tí ó jẹ́ àdàlù propane àti butane, wà ní ipò olómi. Bí lítà kan rẹ̀ bá tú jáde, ó ń di nǹkan bí lítà 250 nínú afẹ́fẹ́. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó tó ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì, nítorí náà kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń tọ̀. Ó máa ń rá pálá gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó máa ń kó sí abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti sínú ihò omi ìdọ̀tí. Nígbà tí ó bá sì ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibi tí ó kó sí, ìṣáná kan ti tó. Èyí ni ó fà á tí fèrèsé gíga nìkan kò fi tó ilé ìdáná gáàsì. Ó yẹ kí ihò atẹ́gùn wà nísàlẹ̀ ògiri, nítòsí ilẹ̀, kí silíńdà fúnra rẹ̀ sì wà ní ìta, lóòró, jìnnà sí ihò ìdọ̀tí àti sí jẹnẹrétọ̀.

Ṣùgbọ́n bí silíńdà bá ti wà ní ìta, páìpù gbọdọ̀ la ògiri wọlé. Nínú ilé tí silíńdà àti sítóòfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú ìsopọ̀ mẹ́ta péré ni ó wà: silíńdà pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀, rẹ́gúlétọ̀ pẹ̀lú rọ́bà, rọ́bà pẹ̀lú sítóòfù. Bí páìpù bá la ògiri, tí ó ṣẹ́ kọ́nà, tí ó ní fáàfù tirẹ̀ nínú ilé, wọ́n lè lé ní mẹ́wàá. Ohun tí ó dáàbò bo ilé náà ni ó tún sọ ojú ìsopọ̀ rẹ̀ di púpọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe fún ìsopọ̀

Àwọn oníṣẹ́ ń sọ pé jọ́ìǹtì. Ọ̀rọ̀ náà kò burú lẹ́nu iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Abuja, ẹni tí ó bá ní òun ń lọ sí jọ́ìǹtì lè jẹ́ pé ẹja yíyan ni ó ń lọ jẹ. Oríkèé ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí ògbufọ̀ lọ́kàn. Àléébù rẹ̀ ni pé oríkèé ara, bí orúnkún àti ìgúnpá, jẹ́ ibi tí ara ti ń tẹ̀ tí ó sì ti ń nà, bẹ́ẹ̀ ni ìsopọ̀ páìpù gáàsì kò gbọdọ̀ mì rárá. Ojú ìsopọ̀ dára jù ú lọ, nítorí pé kò gbé èrò mímì wá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe.

Lọ́ ni àkọ́kọ́. Páìpù irin ni a máa ń lọ́ mọ́ ara wọn: a gé ìlà wíwé sí ẹnu rẹ̀, a wé téèpù mọ́ ọn, a sì lọ́ ọ wọ inú èkejì. Téèpù tí a ṣe fún gáàsì nípọn ju téèpù omi lọ, a kì í sì í lo ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì. Páìpù tí a bá ti tú, a gbọ́dọ̀ ha téèpù àtijọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá kí a tó wé tuntun. Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan tún wà níbí. Lọ́ kò sọ apá tí a ó lọ́ nǹkan sí, ọwọ́ ènìyàn sì ti mọ̀ pé ọ̀tún ni nọ́ọ̀tì fi ń le. Nọ́ọ̀tì rẹ́gúlétọ̀ ọ̀pọ̀ silíńdà ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Òsì ni a ń lọ́ ọ sí kí ó tó le. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ohun èèlò tí kì í ṣe ti gáàsì ajóná má baà wọ̀ ọ́. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ó bá kọ lọ́ ọ kí ó le láìsọ òsì, ó ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e yóò máa tú nọ́ọ̀tì, yóò sì rò pé òun ń mú un le.

Fún ni èkejì, bí a ti ń fún aṣọ tàbí ẹ̀wà tí a lọ̀. Páìpù bàbà ni ó ni èyí. A ó ti òrùka kékeré kan bọ ẹnu páìpù náà, nọ́ọ̀tì yóò sì fún òrùka yìí títí yóò fi dì mọ́ páìpù pinpin. Agbára tí ó pọ̀ jù yóò ba òrùka náà jẹ́, yóò sì máa jò ju èyí tí a kò mú le tó lọ. Nítorí pé irú ìsopọ̀ yìí lè tú díẹ̀díẹ̀, a kò gbọdọ̀ rì í mọ́ inú ògiri. Ibi tí ojú lè rí i, tí ọwọ́ sì lè tó o, ni ààyè rẹ̀.

Jó mọ́ ni ẹ̀kẹta, iṣẹ́ jórinjórin, tí àwọn mìíràn ń pè ní wẹ́dà, àti ti ẹni tí ń fi iná lẹ bàbà mọ́ bàbà. Ìyàtọ̀ kan wà tí èdè kò gbọdọ̀ pa mọ́. Lẹ́ẹ̀dì tí àwọn alátùnṣe rédíò ń lò máa ń yọ́ kí ooru tó dé 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná bá ràn nínú ilé ìdáná, irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tú, yóò sì fi kún ohun tí ń jó. Èyí tí ó ní fàdákà nínú kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 600. Yorùbá pe méjèèjì ní jíjó mọ́ tàbí lílẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó bójú mu ni pé kí òǹkọ̀wé sọ ìwọ̀n ooru náà ní gbangba, kí ó má gbé e lé ọ̀rọ̀-ìṣe lórí.

Dè ni ti rọ́bà. A máa ń kì í bọ ẹnu rẹ́gúlétọ̀, a sì fi kílíìpù dè é. Wáyà tín-ín-rín tí àwọn kan fi ń dè é a máa gé rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀ bí okùn ti ń gé ọrùn ewúrẹ́ tí ń fà. Rọ́bà omi kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí gáàsì máa ń jẹ irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ láti inú títí yóò fi le tí yóò sì sán. Rọ́bà tí a ṣe fún gáàsì ní déètì lára. Kò yẹ kí ó gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn sítóòfù gbígbóná kọjá, kò sì gbọdọ̀ la ògiri. Páìpù líle ni ó ń la ògiri.

Ó ku lẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó mọ́ oníṣẹ́ omi lẹ́nu jù, nítorí pé gọ́ọ̀mù ni ó fi ń lẹ páìpù oníke mọ́ ara wọn lójoojúmọ́. Kò gbọdọ̀ bá páìpù gáàsì inú ilé lọ rárá: ooru ń rọ ike, gáàsì sì ń wá ojú gọ́ọ̀mù. Níbi tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ omi bá ti ń ṣe iṣẹ́ gáàsì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú u fó. Bí ó bá ní òun yóò lẹ̀ ẹ́, kí onílé gba páìpù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ògiri, ìlànà rẹ̀ kò gùn. Páìpù tí ó bá la ògiri kọjá gbọdọ̀ wà nínú páìpù mìíràn tí ó fẹ̀ jù ú lọ, ojú ìsopọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sí láàrin méjèèjì, ẹnu tí ó wà nínú ilé ni a ń dí, a sì ń fi ti ìta sílẹ̀. Símẹ́ǹtì tútù máa ń mú irin dípẹtà, nítorí náà bíríkìlà kò gbọdọ̀ kàn lẹ símẹ́ǹtì bo páìpù lásán. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ó kéré tán mìlímítà 25 wà láàrin páìpù gáàsì àti wáyà iná mànàmáná.

Nọ́ọ̀tì kan ní Canning Town

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ojú ìsopọ̀ kan ṣoṣo kò tó nǹkan, kí ó wo Ronan Point, ilé alájà 22 tí wọ́n kọ́ sí Canning Town, ní ìhà ìlà-oòrùn London. Kò ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ tí wọ́n ṣí ilé náà tí obìnrin kan tí ń gbé ní àjà kejìdínlógún fi jí ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 1968, tí ó sì ṣáná láti fi se tíì. Gáàsì ti kún ilé ìdáná rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ìbúgbàù náà ti ògiri ẹ̀gbẹ́ jáde, àwọn àjà tí ó wà lókè sì wó lé ti ìsàlẹ̀, títí gbogbo igun ilé náà fi wálẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú. Obìnrin náà kò kú. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé nọ́ọ̀tì idẹ kan tí ó so rọ́bà gáàsì mọ́ sítóòfù ni ó ṣẹ́. Nọ́ọ̀tì náà kò tó bí ó ti yẹ kí irú rẹ̀ tó. Àwọn ayàwòrán ilé ń ka Ronan Point sí ẹ̀kọ́ nípa ògiri. Fún ẹni tí ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà, ẹ̀kọ́ nípa nọ́ọ̀tì ni.

Jíjò àti jíjó

Ohun tí ó ya ewu sọ́tọ̀ kúrò lára ìlò nínú ọ̀rọ̀ gáàsì kò ju ohùn kan lọ ní èdè Yorùbá. Gáàsì ń jó: oúnjẹ wà lórí iná. Gáàsì ń jò: kí gbogbo ilé bọ́ síta. Nínú ìpèdè, kò sí Yorùbá tí yóò ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ gbólóhùn náà sára ògiri tàbí sára silíńdà láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ti ń ṣe títí di òní, òǹkàwé kò ní ohun tí yóò fi mọ èyí tí wọ́n ń wí. Àwọn olùkọ́ èdè ti ń jà fún àmì ohùn tipẹ́tipẹ́, ewì àti ìwé ìdánwò ni wọ́n sì sábà fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Gáàsì jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó lágbára jù wọ́n lọ. Àwọn oníṣẹ́ Garki ti wá ọ̀nà tiwọn gbà: wọ́n ní gáàsì ń líìkì. Kò yẹ kí ògbufọ̀ fi ọ̀rọ̀ àyálò yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé bí àmì tilẹ̀ bọ́ sọnù, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sọnù. Bí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an, gáàsì ń tú jáde dára, kò sì ní alábàápàdé.

Ọ̀rọ̀ iná tún le ju èyí lọ, nítorí pé àmì ohùn kò lè gbà á là. Iná ni ahọ́n iná, iná ni mànàmáná, iná sì ni àjálù. Òfin àgbáyé lórí gáàsì tí ń tú jáde ni pé kí a pa ohunkóhun tí ń jó, ṣùgbọ́n kí a má fọwọ́ kan súwíìṣì kankan, ì báà ṣe láti tàn án tàbí láti pa á, nítorí ẹ̀ta iná tí ń ta nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ èyí sí ẹ pa iná, ẹ má sì pa iná, ẹ̀rín ni yóò fi pa òǹkàwé. Ẹni tí ó bá sì kọ apá kan rẹ̀ péré, ẹ pa iná, lè rán ìyàwó ilé lọ sí ìdí súwíìṣì inú ilé ìdáná tí gáàsì ti kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni firíìjì tí ń dá dúró tí ó sì ń dá ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá dé lójijì. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, ó sì lè ta.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1990, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ilé ìdáná kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ tí ó tẹ̀ lé e yìí ni a lè fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pátápátá:

Bí òórùn gáàsì bá gba ilé, ẹ yí fáàfù orí silíńdà pa. Ẹ pa sítóòfù, àtùpà àti àbẹ́là. Ẹ má fọwọ́ kan súwíìṣì mànàmáná. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ jáde kí ẹ tó fi fóònù pe ẹnikẹ́ni.

Òórùn tí ìkìlọ̀ náà mẹ́nu bà kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀. Ìdílé kò lè gbọ́ òórùn propane tàbí butane. Èròjà olóòórùn burúkú kan ni wọ́n ń bù sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 1937, gáàsì tí kò ní òórùn kó sí abẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ó gbiná, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 290, àwọn ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Texas fi òfin de títa gáàsì láìbu òórùn sí i. Ṣùgbọ́n imú máa ń mọ́ra. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ nínú òórùn kì í gbọ́ ọ mọ́, ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kò sì ní gbọ́ rárá. Ìdí nìyí tí a kò fi ń fi imú nìkan dán ojú ìsopọ̀ wò, a kì í sì í fi ìṣáná dán an wò láé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Omi ọṣẹ ni a fi ń dán an wò. A ó po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi títí yóò fi ki díẹ̀, a ó pa sítóòfù, a ó ṣí fáàfù orí silíńdà kí gáàsì lè kún inú páìpù, a ó sì fi kànìnkànìn tàbí búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ náà yí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ká, láti silíńdà wá títí dé ẹ̀yìn sítóòfù, láìfo ẹyọ kan. Ibi tí kò bá jò yóò dákẹ́. Ibi tí ó bá ń jò yóò hó, ìhó náà yóò sì máa tóbi sí i lójú ẹni. Bí ó bá hó, a ó yí fáàfù pa, a ó tú ojú ìsopọ̀ náà, a ó ha téèpù rẹ̀ kúrò tàbí kí a pààrọ̀ òrùka rẹ̀, a ó tún un lọ́ sí apá tí ó yẹ, a ó sì tún kun omi ọṣẹ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná.